Ohùn Kéwú Inú Síídì: Àmánà Ni Lọ́wọ́ Wa

 

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà. Ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kéwú gan-an ni.

Ní àkókò kan tí à ń múra wòlímọ́tù, ọmọ kan jókòó níwájú wa, ó ń ka Sūratul-Ḥujurāt. Ó ka āyah 11 dáadáa, níbi tí ọ̀rọ̀ náà "ism" wà. Nígbà tí ó dé āyah 12, níbi tí "ithm" wà, ó pe èyí náà ní "ism". A dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé "ism" ni orúkọ, "ithm" sì ni ẹ̀ṣẹ̀. A ní kí ó tún un pè, ó sì tún un pè bákan náà. Ohùn wa le díẹ̀. Ọmọ náà wólẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, Ààfáà. Bí wọ́n ṣe pè é nínú síídì tí ẹ fún wa nìyẹn."

A gbé síídì náà sínú ẹ̀rọ, a gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ọmọ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Thā (ث) àti sīn (س) ti di ọ̀kan náà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ni, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mọ́ lórí hárúfù. A pè é, a ní kí ó kà á sí etí wa, ó sì kà á bí ó ti yẹ. Ọmọ kò jẹ̀bi, olùkọ́ náà kò jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà ni hárúfù ti sọnù.

A wá tọ ipa ọ̀nà náà. Fóònù ni a fi gba ohùn náà sílẹ̀, a sì ti yí i sí ibi tó kéré jù nítorí pé àyè inú fóònù ti fẹ́ tán. Ẹni tí a rán fi fóònù kejì sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ó gbà á sínú ohùn WhatsApp, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á sọ ọ́ di MP3 tó kéré kí ó má baà jẹ dátà. Nígbà tí ó dé ilé ìtajà tí wọ́n ti ń kọ síídì, wọ́n tún un sọ di MP3 ńlá, wọ́n ní kí ó lè dùn sí i, wọ́n wá dà á sórí síídì. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ju ara wa lọ, nítorí àwa ni a gba síídì náà tí a kò gbọ́ ọ tán kí á tó pín in fún àwọn ọmọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ èrò wa ní gbangba. Ohùn kéwú tí a bá gbà sílẹ̀ fún ọmọ, àmánà ni. Bí a bá ti fún un pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí síídì kan láyé yìí tó lè dá ohun tó ti sọnù padà. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ilé kéwú àti mọ́ṣáláṣí wa máa tọ́jú ìyá ohùn, kí wọ́n sì máa da síídì láti ara ìyá náà nìkan.

KÍ NI FÁÌLÌ ÀFÚNPỌ̀?

Síídì olóhùn tí a mọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ Philips ti Họ́láńdì àti Sony ti Japan ni wọ́n jùmọ̀ ṣe é, ó sì dé ọjà ní 1982. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀rọ máa ń yẹ ohùn wò ní ìgbà 44,100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, yóò sì máa kọ ohun tí ó bá níbẹ̀ sílẹ̀ ní oókà, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀. Bí a bá ka gbogbo oókà yìí pọ̀, ó jẹ́ bí kílóbíìtì 1,411 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹrù ńlá ni. Fáìlì tí kò tíì fúnpọ̀, tí wọ́n ń pè ní WAV, irú ẹrù yìí ni ó máa ń rù.

Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wá ọ̀nà láti dín ẹrù náà kù. Karlheinz Brandenburg wà lára àwọn tó síwájú nínú iṣẹ́ náà, ọdún 1995 ni wọ́n sì fún irú fáìlì náà ní orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, MP3. Ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe idán. Wọ́n wo bí etí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìlù bàtá bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, etí wa kò ní gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ náà. MP3 máa ń wá irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí ó rò pé a kò ní gbọ́, yóò sì jù ú nù. MP3 oní-128 fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré sí ti síídì ní ìlọ́po 11. Oní-32 kéré sí i ní ìlọ́po 44. Ẹ rò ó wò: bí a bá ní kí ẹnì kan kó ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù kan sínú apẹ̀rẹ̀, ó di dandan kí ó yan ohun tí yóò jù sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn iṣẹ́ náà tó kan àwa oníkéwú gan-an. Nígbà tí Brandenburg ń dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ọ̀kan nínú ohun tó lò ni orin tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Suzanne Vega, kọ láìsí ìlù, láìsí dùùrù, ohùn ẹnu lásán. Èyí ló fi àbùkù ẹ̀rọ náà hàn án, nítorí pé ohùn ẹnu lásán kò ní ohun tí yóò fi bo ara rẹ̀. Níbi tí ìlù àti gìtá bá wà, wọ́n lè bo àlébù mọ́lẹ̀. Kíké Àlùkùránì, ohùn ẹnu lásán ni. Kò sí ìlù tí yóò bá a bo àṣírí. Tí a bá fún un pọ̀ láṣejù, inú hárúfù gan-an ni ọgbẹ́ náà yóò wà.

ÀWỌN HÁRÚFÙ TÓ Ń KÚ SỌ́NÀ

Ẹ̀yin ọmọ tó ti ń kọ́ tajwīd mọ̀ pé àwọn hárúfù kan wà tí wọ́n ń pè ní hárúfù hams, àwọn 10 tí èémí máa ń bá jáde. Fā wà nínú wọn, thā, shīn, sīn àti ṣād wà níbẹ̀. Mẹ́ta sì wà tí wọ́n ń pè ní hárúfù ṣafīr, ìyẹn èyí tó ń súfèé: ṣād, zāy àti sīn. Àwọn onímọ̀ wa ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Súfèé yẹn, òkè ohùn ló wà. Ohùn tí ó kàn kùn bíi ti ìlù ńlá kì í gbọ̀n púpọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n èémí inú sīn máa ń gbọ̀n ju ìgbà 4,000 lọ, ó sì máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Òfin kan sì wà nínú iṣẹ́ gbígba ohùn: ẹ̀rọ kò lè gba ohùn tó ń gbọ̀n ju ìdajì iye ìgbà tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Síídì ń yẹ ohùn wò ní 44,100, ó sì lè gba ohun tó gbọ̀n dé 22,050, èyí tó kọjá ibi tí etí ènìyàn lè dé. Ṣùgbọ́n irú fáìlì kékeré kan tí ọ̀pọ̀ fóònù fi máa ń gba ohùn sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí AMR, ìgbà 8,000 péré ni ó máa ń yẹ ohùn wò. Ohun tó bá ti gbọ̀n ju 4,000 lọ, kò sí nínú rẹ̀ rárá. A jẹ́ pé ibi tí súfèé sīn bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ilẹ̀kùn sí.

Ẹ̀yin òbí wa mọ èyí láìjẹ́ pé ẹ kọ́ ọ níwèé. Àwọn ìpè orí fóònù láti ìgbà pípẹ́ kì í gbà ju bí 3,400 lọ. Nígbà tí ẹ bá ń pe lẹ́tà orúkọ yín fún ẹnì kan lórí fóònù, ṣé ẹ kì í sọ pé "S bíi Súlè, F bíi Fátímọ́"? Kí ló fà á? Nítorí pé S àti F ti di ìbejì lórí wáyà ni. Ẹni tó mọ Súlè tẹ́lẹ̀ yóò fi ọgbọ́n orí mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún 8 tó ń gbọ́ āyah fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ọgbọ́n orí kankan tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni ahọ́n rẹ̀ yóò gbà.

Ti àwa ọmọ Yorùbá tún burú díẹ̀, nítorí pé èdè wa kò ní thā. Bí a bá fi ọmọ wa sílẹ̀, sīn ni yóò fi thā pè, òun náà ni yóò sì fi ṣād pè. Torí èyí gan-an ni a ṣe ń fún un ní ohùn tí yóò máa gbọ́ nílé, kí etí rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí ohùn náà fúnra rẹ̀ kò wá ní ìyàtọ̀ nínú mọ́, ṣé kì í ṣe pé a fi oògùn tí kò ní ewé nínú ṣe ìtọ́jú aláìsàn? Ẹ wo "naṣr" oní-ṣād, ìyẹn ìrànlọ́wọ́, tó wà nínú Sūratun-Naṣr. Ẹ tún wo "nasr" oní-sīn, orúkọ òrìṣà kan tí àwọn ènìyàn Ànábì Nūḥ ń bọ, tó wà nínú Sūrah Nūḥ, āyah 23. Ìwúwo ohùn tó wà lára ṣād lè ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú fáìlì tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọmọdé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wá a.

GÀRÍ KÌ Í PADÀ DI Ẹ̀GẸ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ènìyàn rò pé bí a bá sọ MP3 kékeré di ńlá, tàbí bí a bá dà á sórí síídì olóhùn, yóò dára padà. Wọn yóò ní, "Ẹ sọ ọ́ di 320, yóò mọ́." Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ ni wá ní Ìbàràpá, ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. A hú ẹ̀gẹ́, a rìn ín, a fún omi rẹ̀ dànù, a yan án, ó di gàrí. Ó rọrùn láti gbé, ó sì dára fún jíjẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi sí gàrí, wíwú ni yóò wú, kò ní padà di ẹ̀gẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì oní-32 tí a sọ di 320, tàbí tí a sọ di WAV fún síídì. Ó wú ni. Ohun tó ti bá omi lọ ti lọ. Síídì olóhùn yóò fi òótọ́ inú gbé ohun tí a fún un, títí kan àbùkù rẹ̀.

Ohun kejì ni pé gbogbo ìgbà tí a bá tún MP3 fúnpọ̀, yóò tún jù nínú ohun tó kù. Ẹni tó bá ṣí MP3, tó gé e, tó tún tọ́jú rẹ̀ bíi MP3, ti fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kí á má fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ o: bí a bá kàn ṣe ẹ̀dà fáìlì láti inú mẹ́mórì káàdì kan sí òmíràn, tàbí tí a fi Bluetooth gbé e, kò sí ohun tó dín nínú rẹ̀. Àtúnfún ni ọ̀tá, kì í ṣe àdàkọ.

Ẹ̀yin àgbà tó lo kásẹ́ẹ̀tì rántí bí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ṣe máa ń rí bí a bá ti dà á láti ara kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ní ìgbà kẹta, ìgbà kẹrin. Yóò máa dún ṣàà bí òjò. Kásẹ́ẹ̀tì a máa fi àbùkù rẹ̀ hàn, olúwarẹ̀ yóò sì mọ̀ pé kí òun lọ wá èyí tó sàn. MP3 kì í dún ṣàà. Yóò dákẹ́ rọ́rọ́, yóò dàbí ẹni pé ó mọ́, bẹ́ẹ̀ hárúfù ti lọ nínú rẹ̀. Àbùkù tó fara pamọ́ ló ń pa ni jù.

ÌLÀNÀ TI WÀ NÍLẸ̀ FÚN WA

Kì í ṣe àwa ni a máa kọ́kọ́ ronú lórí bí ẹ̀dà ṣe yẹ kí ó ti inú ìyá wá. Nígbà tí sàhábà Abū Bakr jẹ́ kálífà, lẹ́yìn ogun Yamāmah tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Àlùkùránì ti kú, ó ní kí Zayd ọmọ Thābit kó o jọ sínú tákàdá. Tákàdá náà padà wá wà lọ́wọ́ Ḥafṣah. Nígbà tí Uthmān fẹ́ kọ ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú, kò wá ẹ̀dà ẹ̀dà kiri. Ó ránṣẹ́ sí Ḥafṣah, ó gba ìyá náà, wọ́n kọ ọ́ láti ara rẹ̀, ó sì dá a padà fún un. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn: ìyá kan ni gbogbo ẹ̀dà ti jáde, ìyá náà sì padà sí ibi ìpamọ́.

Ní ìgbà tiwa náà, Labīb as-Saʿīd ti Íjíbítì ló dá a lábàá ní 1959 pé kí wọ́n gba gbogbo Àlùkùránì sílẹ̀ ní ohùn, bí wọ́n ti kó o jọ sínú tákàdá ní ìgbà Abū Bakr. Sheikh Maḥmūd Khalīl al-Ḥuṣarī ni ó kà á, lójú ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀, àwọn àwo rẹ̀ sì jáde ní 1961. Al-Ḥuṣarī kú ní 1980, àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Wọ́n gbà á dáadáa nígbà tó wà láyé, wọ́n sì tọ́jú ìyá rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí á lè gbọ́ ọ di òní.

Nínú ilẹ̀ wa ńkọ́? Sheikh Ādam Abdullāh al-Ilọrí tó dá Markaz Agége sílẹ̀ jáde láyé ní 1992. Sheikh Muyideen Àjàní Bello jáde láyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé kí wọ́n wá sọ wáàsí mìíràn kí á lè gbà á dáadáa. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ohun tó wà. Àwọn ààfáà àgbà tó wà ní Tápà, Ayétẹ̀, Ìgàngàn, Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Láǹlátẹ̀ àti Èrúwà lónìí, ọ̀la ni a ó máa wá ohùn wọn kiri. Bí ó bá jẹ́ ohùn WhatsApp tí a fi fóònù gbà láti ara gbohùngbohùn ni a fi pamọ́, ohun tí àwọn ọmọ wa yóò jogún nìyẹn.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á MÁA ṢE

Èkínní, gbígbà sílẹ̀. Kí á gba ohùn ní yàrá tó dákẹ́, kí á pa jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Kí máíkì wà ní bí ìka ọwọ́ kan gígùn sí ẹnu, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà lù ú. Kí á yan WAV, 44,100, bíìtì 16. Ohùn ẹnì kan ni, nítorí náà kí á yan mono, ìyẹn olójú kan. Kò sí ohun tí etí méjì fẹ́ fi ṣe. Kí á má jẹ́ kí ohùn ga dé ibi tí iná ẹ̀rọ yóò ti pọ́n, nítorí pé ohùn tó bá ti fọ́ níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe.

Èkejì, ìtọ́jú ìyá. Wákàtí kan irú WAV olójú kan bẹ́ẹ̀ jẹ́ bí 318 MB. Mẹ́mórì káàdì 32 GB kan yóò gba bí 100 wákàtí. Ibi tí gbogbo Àlùkùránì yóò gbà kò tó ìdajì káàdì náà. Nítorí náà, kò sí àwáwí pé àyè kò sí. Kí ẹ̀dà ìyá méjì wà ní ibi méjì, kí á kọ orúkọ ẹni tó kà á, sūrah àti ọjọ́ tí a gbà á sára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó fúyẹ́ díẹ̀, ẹ lo FLAC. Ẹni tó ká agbádá sínú àpótí yàtọ̀ sí ẹni tó gé apá agbádá kí ó lè wọ àpótí. FLAC ká a ni, MP3 gé e.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ lórí fáìlì. Bí a bá fẹ́ gé ibi tí a ti wúkọ́ kúrò, inú ẹ̀dà WAV ni kí á ti gé e, kí á sì tọ́jú rẹ̀ bíi WAV. MP3 fún fóònù àwọn òbí, ìgbẹ̀yìn ni kí á ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Olójú kan ní 64 sí 96 dára tó fún ohùn ẹnì kan; bí ó bá jẹ́ olójú méjì, kí ó má kéré sí 128. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi ìwé, ìyẹn document, kì í ṣe kí á fi fóònù kan gba ohùn òmíràn.

Ẹ̀kẹrin, kíkọ síídì. Oríṣi méjì ni ó wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Síídì olóhùn kì í gbà ju ìṣẹ́jú 80 lọ. Síídì MP3 kàn jẹ́ àpò fáìlì tó ń gba 700 MB. Kíké gbogbo Àlùkùránì ní tartīl lè tó 30 wákàtí. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí síídì MP3 kan ṣoṣo ní láti fún un dé bí 52. Bí ó bá jẹ́ olójú kan tí a fún láti ara ìyá, ó ṣeé gbọ́. Bí ó bá jẹ́ àtúnfún olójú méjì, ẹ sá fún un. Fún àwọn ọmọ tó ń há Àlùkùránì, ohun tí a fara mọ́ ni juzū kan lórí síídì olóhùn kan, nítorí pé juzū kan kò jìnnà sí wákàtí kan. Ẹ gbé WAV fún ẹni tó ń kọ ọ́, ẹ sì sọ fún un pé síídì olóhùn ni ẹ fẹ́. Ẹ ní kí ó má fi eré tó yá jù kọ ọ́, kí ó sì ti síídì náà pa nígbà tí ó bá parí, kí ẹ̀rọ DVD ilé lè kà á. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ìdákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 sí àárín fáìlì kan àti èkejì. Láàárín sūrah méjì, kò burú. Láàárín āyah méjì tó so mọ́ra, ẹ ní kí ó mú un kúrò.

Bí MP3 nìkan bá ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ wá èyí tó tóbi jù tó sì pẹ́ jù, tó súnmọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹ̀rọ tó ń kọ síídì bó ṣe wà. Òun fúnra rẹ̀ yóò tú u. Ẹ má sọ ọ́ di MP3 mìíràn ṣáájú. Bí ohùn kan bá ga tí òmíràn sì rẹlẹ̀, ẹ rẹ èyí tó ga sílẹ̀, ẹ má gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè títí yóò fi fọ́.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ló ṣe pàtàkì jù: gbígbọ́. Kí olùkọ́ kan jókòó ti muṣḥaf, kí ó fi yápíìsì sétí, kí ó gbọ́ síídì àkọ́kọ́ tán kí á tó dà á sí púpọ̀. Kí ó gbọ́ "ism" àti "ithm", kí ó gbọ́ "naṣr" àti "nasr". Bí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀, kí síídì náà má jáde.

ÈSÌ SÍ ÀWỌN TÓ Ń BÉÈRÈ

Àwọn kan yóò ní síídì ti di ohun àná, pé kọ̀ǹpútà tuntun púpọ̀ kò tilẹ̀ ní ihò rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ DVD ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, síídì sì ní ìwà kan tí fóònù kò ní: ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ni ọmọ yóò gbọ́. Kò sí ìpolówó, kò sí fíìmù, kò sí eré tí yóò yà á kúrò lórí kéwú. Àti pé fóònù ni ẹ lò o, síídì ni ẹ lò o, òfin kan náà ni. Ohun tí a ti jù nù kì í padà.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹnu ààfáà ló ni kéwú, kì í ṣe ẹ̀rọ. A fara mọ́ wọn pátápátá. Láti ẹnu sí etí ni kéwú ti ń wá láti ìgbà Ànábì wa, kò sì sí síídì tó lè gba ipò ààfáà tó ń wo ahọ́n ọmọ. Ṣùgbọ́n ààfáà máa ń rí ọmọ fún wákàtí díẹ̀, síídì sì ń bá a sùn nílé. Bí a bá kọ́ ọ ní thā ní ọ̀sán, tí síídì sì tún un kọ́ ní sīn ní alẹ́, ta ni yóò borí? Ọmọ tó wólẹ̀ níwájú wa ti dá wa lóhùn.

Nínú ìmọ̀ hadīth, bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ kan wá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: lọ́dọ̀ ta ni o ti gbọ́ ọ, lọ́dọ̀ ta ni òun náà ti gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí á máa bi síídì wa ní ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ra síídì kéwú fún ọmọ, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti dà á. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹ ya owó máíkì kan àti káàdì méjì sọ́tọ̀. Àwa olùkọ́, kí á má pín ohun tí a kò gbọ́ tán.

Síídì tí a fún àwọn ọmọ nígbà yẹn, a gbà á padà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Olùkọ́ wa tún Sūratul-Ḥujurāt kà ní òwúrọ̀ kan kí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni tó tàn. Ìyá ohùn náà wà nínú àpótí ilé kéwú wa, ọmọ náà sì ti ń pe thā bí ó ti yẹ.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ àmánà Rẹ̀, kí Ó sì fi Àlùkùránì ṣe ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Āmīn. Was-salāmu alaykum wa raḥmatullāh.